"Ó Ti Wọlé": Àkíyèsí lórí Èdè Àwọn Afúnnigémù ní Ìlọràá

Ohun kan wà tí a máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì gírámà, pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "ó wọlé", "ó ti wọlé", "yóò wọlé" àti "ó lè wọlé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jiyàn títí lórí bóyá àsìkò ni "yóò" ń fi hàn tàbí nǹkan mìíràn; n kò fẹ́ dá sí ìjà náà níhìn-ín. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ẹni tí ó bá ní "ó ti wọlé" ń sọ̀rọ̀ ohun tí ó ti parí. Síbẹ̀, ibì kan wà láàrin wa lónìí tí wọ́n ti ń fi "ó ti wọlé" sọ ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ibẹ̀ ni ilé tẹ́tẹ́. Bọ́ọ̀lù tí wọn kò ní í gbá títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, lọ́jọ́ Ojọ́bọ̀ ni ẹnì kan ti ń wí fún àwọn ènìyàn pé, "Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ó ti wọlé. Ó ṣúà." Ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ń fúnni ní gémù. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, afúnnigémù ni n ó máa pè é.

Ìlọràá ni mo ti fi etí sí èdè yìí jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àbẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ máa ń gbé mi lọ. Ìlú àgbẹ̀ ni, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ti kọjá Fìdítì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàtẹ èso sí etí títì, kò ní í pẹ́ kan Ìlọràá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àgbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ lè rí ilẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ dípò kí wọ́n máa wá iṣẹ́ ọ́fíìsì kiri. Mo máa ń rántí ète yẹn nígbà tí mo bá rí àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ lónìí tí wọ́n tẹ orí ba fóònù nídìí ilé tẹ́tẹ́, tí wọ́n ń wá kóòdù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fóònù ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Kí a tó bí púpọ̀ nínú wa ni púùlù ti wà. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sikọ́tílándì ni wọ́n fi ń ta á. Nígbà tí àwọn yẹn bá wà ní ìsinmi, wọ́n a lo ti Ọsirélíà. Ère-ìdíje 49 ni ó máa ń wà lórí ìwé púùlù, ohun tí àwọn atatẹ́tẹ́ sì ń wá ni èyí tí yóò di ọ̀mì nínú wọn. Mo mọ bàbá kan, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò dé Èkó rí, ṣùgbọ́n tí ó mọ gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Sikọ́tílándì lórí bí ẹni mọ oríkì ilé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sẹ́ni tí ó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nítòsí rédíò rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rédíò yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ohùn ni, iṣẹ́ wa sì ni ohùn. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Alexander Gordon, tí ó ka èsì bọ́ọ̀lù lórí rédíò BBC láti ọdún 1974 títí di 2013. Bí ó bá dárúkọ ẹgbẹ́ kìíní tán pẹ̀lú iye góòlù rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ bá ṣe gòkè tàbí bí ó bá ṣe wálẹ̀ lórí orúkọ ẹgbẹ́ kejì ti fi han olùgbọ́ bóyá onílé ni ó borí, tàbí àlejò, tàbí ọ̀mì ni, kí ó tó ka iye góòlù kejì. Èdè tí a kò kà mọ́ èdè olóhùn ni Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ohùn ni ó gbé ìròyìn náà dé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Mo máa ń fi àpẹẹrẹ yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìwúlò ohùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ń fi ohùn rẹ̀ sọ. Ohùn àrídájú náà ni afúnnigémù yá lò fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn púùlù ni lọ́tìrì oní-nọ́ḿbà dé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú, tí Olóyè Kessington Adebutu, ọmọ Ìpẹ̀rù, dá sílẹ̀ ní 2001. Nọ́ḿbà 5 ni wọ́n ń mú jáde nínú 90. Ní 2009 ni NairaBET bẹ̀rẹ̀, Bet9ja sì tẹ̀ lé e ní 2013, bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ti inú ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá tilẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Bélú ọdún 2024 pé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kò dúró nínú àwọn ìpínlẹ̀, pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ìyẹn yí padà lójú ẹni tí ó jókòó sídìí ilé tẹ́tẹ́ ní Ìlọràá, n kò rí i.

Ohun tí mo rí ni bí ohun tí a ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí ṣe ń pọ̀ sí i. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ mọ́. Tẹ́níìsì ń bẹ níbẹ̀, ẹṣin ń bẹ níbẹ̀, gọ́ọ̀fù náà sì dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí pápá gọ́ọ̀fù láti Ìlọràá, àfi kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí Oníréke tàbí IITA. Síbẹ̀, gọ́ọ̀fù ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí iwájú mi.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, oṣù Òkúdu ọdún 2025, mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa kan ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan nínú ìlú náà. Òǹkà Yorùbá ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà, kí n sì má parọ́, ọ̀kan nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó dára jù lọ tí mo rí lọ́dún yẹn ni. Ó fi èèpo ọsàn ṣe òǹkà. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rí i pé kí a tó pe nọ́ḿbà kan ní Yorùbá, a ní láti mọ iye tí ó kù kí ó tó pé. Àwọn ọmọ tí ń sùn ní kíláàsì mìíràn ń na ọwọ́ sókè fún un. Mo ti kọ máàkì rẹ̀ tán, a sì ń bọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́, nígbà tí ọlọ́kadà kan gbá alùpùpù rẹ̀ wọ inú ọgbà.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó kọjú sí. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo sọ fún mi pé ó ti wọlé."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí á bọ́ síta."

"N ò bọ́ síta. Ogún ẹgbẹ̀rún náírà! Owó ẹni tó gbé ọ̀kadà fún mi ni. Kí ni kí n wí fún un tó bá dé lọ́la?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń yìn nínú ọkàn mi ni àwọn ọlọ́kadà ìlú náà mọ̀ sí afúnnigémù. Kì í gba owó lọ́wọ́ wọn. Bí gémù bá wọlé, wọ́n a fún un ní ohun tí ó bá wù wọ́n. Ìdíje gọ́ọ̀fù US Open tí wọ́n ṣe ní Oakmont, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ni ó fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi Ìjọba Àwaarawa, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Scottie Scheffler ni ó mú fún wọn. Ìdí tí ó mú un kò burú: òun ni gbogbo ayé kà sí ọ̀gá nídìí gọ́ọ̀fù nígbà náà, kò sì tíì pé oṣù kan tí ó gba ife-ẹ̀yẹ PGA.

Ṣùgbọ́n ènìyàn 156 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje yẹn. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fi ń ṣe é, ihò 72 ni ẹni tí ó bá dé òpin gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí, ẹni tí ó bá sì fi igi lu bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jù lọ ni ó borí. Atẹ́gùn wà níbẹ̀, koríko gíga wà níbẹ̀, òjò sì dá wọn dúró lọ́jọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn. J. J. Spaun ni ó gbà á. Ìyẹn kò tíì gba ìdíje ńlá kankan rí. Ní ọjọ́ tí ó gbà á gan-an, ó ba márùn-ún jẹ́ nínú ihò mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó kù ihò kan, ó ti bọ́ọ̀lù láti ibi tí ó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 64, bọ́ọ̀lù náà sì yí gbirigbiri wọ inú ihò. 279 ni àròpọ̀ rẹ̀, ẹyọ kan péré ni ó fi dín sí iye tí wọ́n dá fún pápá náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó dín in. Scheffler wà lára àwọn tí ó pín ipò keje. Ní tiwa níhìn-ín, agogo méjìlá òru ti kọjá. Ọlọ́kadà náà kò sùn, ó ń wò ó lórí fóònù.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo béèrè iye tí ilé tẹ́tẹ́ ní òun yóò san lórí Scheffler. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Mo wá bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kí ni ìlọ́po mẹ́rin ń sọ. Ó dákẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọmọ ogójì ní òǹkà láìsí àṣìṣe!

Iye tí ilé tẹ́tẹ́ ń fi sórí nǹkan, èdè ni. Ìlọ́po mẹ́rin túmọ̀ sí pé àwọn tí ó ni tẹ́tẹ́ náà fúnra wọn rò pé bí wọ́n bá ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọkùnrin yìí yóò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò ní í gbà á. Iye ti Spaun lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ilé tẹ́tẹ́ kò fi èyíkéyìí pamọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó kọ síta. Afúnnigémù ni ó túmọ̀ "ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin" sí "ó ti wọlé". Ìtumọ̀ òdì ni, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì ṣe irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ògbufọ̀, a ó fún un ní òdo.

Ìlọ́po yẹn gan-an kò sì pé. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ẹyọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá jù ú sókè, ojú méjì ni ó lè fi lélẹ̀; ìlọ́po 2 ni ó tọ́ kí a san fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ilé tẹ́tẹ́ yóò san 1.90. Ẹni tí ó bá fi N1,000 sí ojú kìíní, tí ó tún fi N1,000 sí ojú kejì, N2,000 ni ó kó lọ, N1,900 ni yóò kó bọ̀, ojú yòówù tí owó náà bá fi lélẹ̀. N100 ti lọ. Bí ó bá wá jẹ́ pé márùn-ún ni ó so pọ̀ mọ́ ara wọn, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti fẹ́ràn láti máa ṣe, ẹ̀ẹ̀kan nínú 32 ni gbogbo wọn lè bọ́ sí i. Ìlọ́po 32 ni ó tọ́ sí i, 1.90 tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún kò ju 24.76 lọ. Lórí ẹyọ kan, N5 nínú N100 ni ilé tẹ́tẹ́ mú. Lórí márùn-ún tí a so pọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó N23. Ìdí nìyí tí inú wọn fi máa ń dùn sí ẹni tí ń so gémù pọ̀. Mo ṣe ìṣirò yìí lórí pátákó kékeré tí ó wà ní yàrá àwọn olùkọ́, olùkọ́ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ náà sì dìde láti ràn mí lọ́wọ́, torí pé lẹ́tà ni iṣẹ́ mi.

Àwọn afúnnigémù kan sì wà tí tiwọn ju àìmọ̀ lọ. Ilé tẹ́tẹ́ ń san nǹkan fún àwọn mìíràn lórí ẹni tuntun tí wọ́n bá mú wá. Owó tiwọn kò dúró de kí gémù wọlé. Àwọn mìíràn a pín ènìyàn 160 sí méjì lórí fóònù: wọ́n á sọ fún 80 pé onílé ni yóò borí, wọ́n á sọ fún 80 tí ó kù pé kò ní í borí. Apá tí ó bá já, wọ́n á pa wọ́n tì. Wọ́n á tún pín 80 sí 40 àti 40, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 10. Àwọn mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn ti rí i tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kì í ṣe wòlíì? Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀; òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wòlíì ni ó gbé mi dé ibi tí ó dùn mí jù. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan pé Ifá ni ó kọ́ wa ní irú nǹkan báyìí, pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a máa sọ ohun tí ń bọ̀ fún wa. N kò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 pé ẹsẹ Ifá tí ó bá pé lè ní ìpín mẹ́jọ. Ìpín kìíní ni orúkọ awo tí ó dá Ifá náà. Ìkejì ni ẹni tí wọ́n dá a fún, ìkẹta ni ìdí tí wọ́n fi dá a. Ìkẹrin ni ohun tí awo ní kí ó ṣe, ìkarùn-ún sì ni bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àti ìhà tí ẹni náà kọ sí i, kí a tó wá gbọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ awo ṣe síwájú: bí ó bá ṣẹ, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bí kò bá ṣẹ, orúkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ wo bí ẹni tí kò rúbọ ṣe wà nínú ìtàn pẹ̀lú ẹni tí ó rúbọ. Ẹ wo "bí ó bá" tí ó wà lẹ́nu babaláwo. Àwọn àgbà sì ti ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀la tán kò ní í tún dá a ní ọjọ́ karùn-ún. Nínú ọ̀rọ̀ afúnnigémù, orúkọ kò sí, "bí ó bá" kò sí, èyí tí ó já sì ti kúrò lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ni kí a wá ṣe fún ọmọ yìí? Olùkọ́ kan nínú yàrá náà ní kí n já a kulẹ̀. Òmíràn ní kí n fi ojú fò ó, pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọdé, òun ni ó mú owó rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí n ó fi já ẹni tí ó kọ́ òǹkà bẹ́ẹ̀ kulẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ òǹkà, n kò sì rí bí a ṣe lè fi ojú fò ó. Tíṣà ni ọlọ́kadà pè é. Torí pé tíṣà ni ni ó fi gbà á gbọ́. Ọ̀wọ̀ tí àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa kó jọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó gbé lọ sí ilé tẹ́tẹ́, láìmọ̀ pé tòun nìkan kọ́. Mo fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ti kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Kí ó máa kọ gbogbo gémù tí ó bá mú sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ rẹ̀, àti iye tí ilé tẹ́tẹ́ fi sí i. Kò gbọdọ̀ ya ewé kankan. Kò sì gbọdọ̀ fi ìkankan nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lórí N20,000, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní òun yóò máa fún ọlọ́kadà náà ní N2,000 lọ́sẹ̀. N kò pàṣẹ ìyẹn, n kò sì dá a dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo padà lọ fún àbẹ̀wò kejì, ó sì gbé ìwé náà fún mi kí ó tó gbé ìwé ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún mi. Gémù 24 ni ó wà nínú rẹ̀. 9 ni ó wọlé. Ó ti ṣírò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé bí òun bá fi N1,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, N24,000 ni ìbá ti ná, N18,300 ni ìbá ti gbà. Èyí tí ó fa ojú mi mọ́ra jù ni pé ní ojú ewé àkọ́kọ́, "yóò borí" ni ó ń kọ síwájú gémù kọ̀ọ̀kan. Láti ojú ewé kẹrin, ó ti di "ó lè borí". N kò sọ fún un pé kí ó yí i padà.

Ọlọ́kadà náà kò jáwọ́ ní tirẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje gọ́ọ̀fù Open ní Portrush ní Àríwá Áílándì, ó wá bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ rí?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n pé iye tí wọ́n fi sórí Scheffler tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ọkùnrin náà ní ìyẹn kì í ṣe gémù, ó sì gùn ún lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Scheffler gba ìdíje yẹn, ìgbá mẹ́rin ni ó sì fi ju ẹni tí ó tẹ̀ lé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn ọmọ ṣe ń wọlé ní òwúrọ̀, alùpùpù náà tún ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì fi pamọ́ fún mi."